Irin Eléyín Pilgyu

Ọ̀rọ̀ tí ìyakọ Malsun sọ níbi ìsìnkú Pilgyu, ọkọ Malsun, kò tíì kúrò létí rẹ̀: "Ìyàwó wo ló máa ń jẹ́ kí ọkọ ẹ̀ lọ sórí yìnyín láìwo inú àpò ẹ̀?" Ìyakọ nìkan kọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ agunkè ló ní Pilgyu gbàgbé irin eléyín, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà, sílé, òun ló fi yọ̀ já sí kòtò. Irọ́ gbuu! Malsun fúnra rẹ̀ ló kó irin náà sápò, lẹ́yìn tó ti fi òwú búlúù rán okùn rẹ̀ tó já. Ta ló fẹ́ gba opó gbọ́?

Nígbà tí òtútù ọdún yìí ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ẹgbẹ́ ń lọ bọ òkè Sobaek bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún, Malsun fi Yerim ọmọ rẹ̀ sílé, ó tẹ̀ lé wọn. Ó ń wá ẹnì kan péré tó máa sọ ibi tí irin ọkọ òun wọlé sí.

Ọ̀nà dì gbagidi. Tak, olórí ẹgbẹ́, ló ṣíwájú.

"Ẹ rọra o! Ẹ rántí Pilgyu. Orí kunkun ló pa á!"

Malsun gbọ́, ó gbé e mì.

Lókè téńté, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n gbé orí ẹlẹ́dẹ̀ kalẹ̀, wọ́n bu ọtí ìrẹsì síwájú rẹ̀. Tak tó dàgbà jù ló kọ́kọ́ bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ sórí ẹní.

"Bàbá Olókè, má jẹ́ ká fẹ́ra wa kù..."

Ẹ̀gbẹ́ bàtà yẹn ni Malsun dúró sí. Ojú rẹ̀ bá bọ́ sára okùn irin tó wà nídìí rẹ̀. Òwú búlúù! Ta ni kò ní mọ rírán ọwọ́ ara rẹ̀?

"Ẹ̀gbọ́n Tak, ibo lẹ ti rí èyí?"

Àdúrà dá dúró. Malsun wo àwọn yòókù. Orí ẹlẹ́dẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Háà! Gbogbo wọn ló mọ̀.

"Mo gbàgbé tèmi sílé lọ́jọ́ náà," Tak wí. "Òun ló bọ́ tiẹ̀ fún mi. Ó ní kò yẹ kóun wọ̀ ọ́ kí ẹ̀gbọ́n òun máa yọ̀."

"Ẹ sì gbà á."

"Mo gbà á."

"Ẹ wá ń wò mí níran tí wọ́n ń bú mi! Ojú ò tiẹ̀ tì yín?" Ó tú irin náà, ó jù ú sínú àpò. "Ìyakọ mi gbọ́dọ̀ fojú ara ẹ̀ rí i. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ máa yọ̀ bọ̀!"

Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ìró irin lẹ́yìn. Hyochang, àbúrò gbogbo wọn, tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ti lóṣòó, ó ń tú irin tirẹ̀.

"Ẹ gbà, Ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ tèmi ṣì le."

Tak ti nawọ́.

"Hyochang! Ṣé orí ẹ pé báyìí? So ó padà!" Malsun pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n wa ni, Ìyá Yerim. Kí ni kí n ṣe?"

Malsun wo yìnyín tó ń dán títí dé ìsàlẹ̀. Ó wo bàbá ọmọ tuntun. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó padà sẹ́yìn, ó ju irin ọkọ rẹ̀ sórí ẹní níwájú Tak.

"Ẹ wọ̀ ọ́, kí wọ́n má baà bú ìyàwó ẹlòmíì. Tẹ́ ẹ bá délẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé e lọ fún ìyakọ mi."

Tak bẹ̀rẹ̀, ó wọ̀ ọ́.