Ìṣẹ́jú Méjì Ìkẹyìn

Monínúọlá ti pa ohùn fídíò náà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò fẹ́ gbọ́ ohùn Olúgbénga níbẹ̀ rárá. Èyí tó ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ti tó o. Ọkùnrin náà jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù Monínúọlá ní àdúgbò Adébáyọ̀ nínú agbádá funfun, ó ń wo aago.

"Aago mẹ́wàá ni ìsìn ìdúpẹ́ ìsìnkú Màmá mi ní Igbemo. Ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì kò gba bí fóònù mi ṣe ya fídíò rẹ̀."

"Mo ti rí i, ọ̀gá. Ọgbọ̀n àwòrán ni fóònù yín ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni tiwọn ń gbà."

"Má gé ibì kankan kúrò o. Wò ó dé ìparí. Kí ìwọ náà sì wá."

"Mo ti gbọ́, sà."

Gbọ́ kẹ̀! Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, tó ń bá a gbé kámẹ́rà káàkiri Adó. Ó ku oṣù kan kó gba fírídọ̀mù, ni Olúgbénga bá gbàgbé láti tẹ kámẹ́rà níbi ìgbéyàwó kan, nígbà tí ìyàwó ń jẹ́ ẹ̀jẹ́. Lójú gbogbo ẹbí ló na ìka sí Monínúọlá: òun ló bà á jẹ́. Ó lé e dànù, kò gbé ọwọ́ lé e lórí, kò gbàdúrà fún un. Títí dòní làwọn oníbàárà ń bi í pé ta ló fún un ní fírídọ̀mù. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Inú ń bí i débi pé kò bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ fi gbé irú iṣẹ́ yìí wá bá a.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa á yọ àwòrán márùn-ún kúrò nínú ọgbọ̀n kọ̀ọ̀kan, fídíò á sì gùn bó ṣe gùn tẹ́lẹ̀. Monínúọlá kò yọ ẹyọ kan. Ó jẹ́ kí gbogbo wọn máa wọ́ lọ ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó sì fi ohùn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohùn á sá lọ, ẹnu á máa wọ́ tẹ̀lé e. Kí gbogbo Igbemo rẹ́rìn-ín, kí wọ́n bi í bóyá iṣẹ́ tó fi ń yangàn nìyẹn. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀! Lójú ẹ̀rọ, Màmá ń jẹ ẹ̀pà. Obìnrin náà máa ń bu oúnjẹ pa mọ́ fún un nígbà náà. Ọkàn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó sì tún le.

"O ṣé, ọmọ mi," ni Olúgbénga wí, ó gba fáláàṣì, ó lọ.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá, Monínúọlá ṣí ẹ̀dà tó bà jẹ́ náà kó lè rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Ó wá ṣí ohùn rẹ̀. Ẹ̀pà ni Màmá ṣì ń jẹ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ jìnnà.

"Olúgbénga, Monínúọlá ńkọ́? O purọ́ mọ́ ọmọ yẹn."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Nígbà tí mo bá lọ, fi èyí hàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí gbogbo ayé gbọ́. Monínúọlá, mo gbé ọwọ́ lé ọ lórí. Uṣẹ́ ọwọ́ rẹ á gbè ọ́. O ti gba fírídọ̀mù lónìí."

Ohùn tán síbẹ̀. Àwòrán ṣì ku ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀. Monínúọlá gbá fóònù mú, ó pe Olúgbénga. Ó ti pa tirẹ̀.

Màmá gbé àwo ẹ̀pà sílẹ̀. Ó nu ọwọ́, ó gbé e sókè. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, kò sí ohùn kankan. Monínúọlá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó tẹ orí ba, kò sì mọ ibi tí yóò ti ṣe àmín.