Ọkọ̀ Tí Àna Tà

"Ọ̀gá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí, kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Ògúndípẹ̀ kò pa á. Èrò Àkúrẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ọkọ̀ rẹ̀, ìyá arúgbó kan ṣì ń fa agbọ̀n ẹ̀fọ́ wọlé lọ́wọ́. Ó wo akódà kóòtù náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo obìnrin aláṣọ dúdú tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n. Catherine ni, olùkọ́ ní Àkúrẹ́, opó Felix tí í ṣe àbúrò bàbá ìyàwó rẹ̀.

"Ta ló ní kí n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí mo fowó rà?"

"Adájọ́ ni," akódà dáhùn. "Ẹ̀yin ò jalè o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta ọkọ̀ yìí fún yín, òun kọ́ ló ni ín. Òun ni kẹ́ ẹ lọ dì mú."

"Òun kọ́ kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n olóògbé, bàbá ìyàwó mi, ọmọ ìyá kan, ọmọ bàbá kan! Lójú gbogbo ẹbí ló ti tà á. A pa obì, a ta ọtí sílẹ̀."

Ìyá arúgbó yọrí láti inú ọkọ̀. "Ọmọ mi, ṣé à ń lọ ni àbí a ò lọ mọ́? Ẹ̀fọ́ mi ti ń rọ."

Catherine sún mọ́ ọn. "Ògúndípẹ̀, kò sí ìjà láàrin èmi àti ìwọ. Ṣùgbọ́n òrùka ni Felix fi gbé mi níyàwó, lábẹ́ òfin ìjọba. Lọ́yà ní ohun tó fi sílẹ̀, tèmi àtàwọn ọmọ mi ni. Nígbà tẹ́ ẹ ń pa obì yẹn, inú yàrá ni mo wà, lórí ẹní opó. Ṣé ẹnikẹ́ni bi mí?"

Kò sẹ́ni tó bi í. Ta ní í bi opó léèrè ọ̀rọ̀ ogún? Bí a ti í ra oko kòkó ni Ògúndípẹ̀ ṣe ra ọkọ̀ náà: olórí ẹbí sọ̀rọ̀, àwọn àgbà jẹ́rìí, ó parí. Kí ó tó rówó san, ó ti fi oko tirẹ̀, oko tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, dógò lọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Atosin. Owó èrò ló fẹ́ fi gba oko náà padà. Láìsí ọkọ̀, oko lọ nìyẹn.

Ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Ọlọ́kọ̀!" Matthias, awakọ̀ tí wọ́n jọ ń du èrò, kígbe láti òdìkejì gáréèjì. "Ẹsẹ̀ rẹ ṣì dá ṣáṣá, fi í rìn!"

Ògúndípẹ̀ kàn gbé ọ̀rọ̀ náà sínú, níbi tí kò ti í gbàgbé nǹkan.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣúndé, bàbá ìyàwó rẹ̀, ló gbà lọ tààrà.

"Bàbá, wọ́n ti gba ọkọ̀."

"Mo ti gbọ́. Obìnrin yẹn fẹ́ sọ ẹbí wa di yẹ̀yẹ́."

"Ẹ bá mi dá owó mi padà."

"Owó wo? Kí ni mo fi sin Felix? Bí mo ti rí i tí àwọn baba wa ń pín ogún ní ìlú wa àtijọ́ lórí òkè, kí a tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Odode yìí, ni mo ṣe pín in. Bí òfin òyìnbó bá ní mo ṣì í ṣe, kí òyìnbó san án!"

"Ṣé kí n máa wò kí oko bàbá mi lọ báyìí?"

"Ìwọ tí mo fún lọ́mọ, tí n kò bá ọ ná owó orí rẹ̀! Bí o bá lágbára, pè mí lẹ́jọ́. Ká wá rí àna tí yóò pe àna."

Ó mọ ohun tó ń sọ. Odode lè gbàgbé ẹni tó jalè. Ẹni tó fa bàbá ìyàwó rẹ̀ dé iwájú adájọ́, ìtàn rẹ̀ yóò kan ọmọ ọmọ rẹ̀.

Nílé, Tinúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà.

"Bàbá rẹ nìkan ni òfin ní kí n dì mú," Ògúndípẹ̀ wí. "Bí mi ò bá pè é, oko lọ."

"Bí ẹ bá pè é ńkọ́, Bàbá Fẹ́yìsayọ̀?"

Ẹ̀wà náà ò dórí iná lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ó ti Àkúrẹ́ dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wẹ̀, ó wọ agbádá rẹ̀, ó sì padà sí ilé Ọ̀ṣúndé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, àyà rẹ̀ kanlẹ̀, eruku ń wọ̀ ọ́ nímú.

Ọ̀ṣúndé kò tètè ní kí ó dìde. Ó fẹ́ kí àwọn aládùúgbò rí i. "Mo mọ̀ pé orí rẹ á padà wálé," ó wí. "Ọmọ tó mọ iyì àna kì í ṣìnà."

"Bàbá, mo ti pè yín lẹ́jọ́ ní Àkúrẹ́. Akódà ń bọ̀ wá pè yín lọ́la."

Ohùn Ọ̀ṣúndé lọ sílẹ̀.

"Tinúkẹ́ mọ̀?"

"Ó mọ̀, Bàbá. Òun ló ní kí n kọ́kọ́ wá dọ̀bálẹ̀."

Bàbá dìde, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò ní kí ó dìde. Ògúndípẹ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń dúró de ohùn tí kò wá.