Àrùn Tó Pààrọ̀ Fìlà

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Mo lálàá pé ara mi di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ihò imú mi sì ni ẹnu ọ̀nà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí àwa méjèèjì jọ gbà ló kó àwọn ọlọ́dẹ wá ṣọ́ ọ. Wọ́n ń yan fanda. Nọ́ọ̀sì fi fọ́tò kọ̀rọ́nà hàn wọ́n, ó ní, "Fìlà pupa ló máa ń dé. Ẹ bá ti rí i, ẹ mú un!"

Kọ̀rọ́nà dé pẹ̀lú fìlà pupa lóòótọ́. Wọ́n lù ú lálùbami. Ó yà sí ẹ̀yìn ilé, ó tún yọ: ojú kan náà, àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà, àmọ́ fìlà aró ló dé báyìí. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un? "Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ilé ńkọ́?"

Mo yọrí lójú fèrèsé, mo pariwo pé, "Òun náà nìyẹn! Ẹ wo ojú rẹ̀!"

Ọ̀gá wọn wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Màdámù, pupa ni wọ́n fi hàn wá. Àwa ò lè torí yín rí àgbà fín."

Wọ́n bá a gbé àpò rẹ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó ní, "Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn o. Olè pọ̀ níta."

Wọ́n sì tì í. Ikọ́ ló jí mi.