Ẹni Tó Ni Ohùn

Àkèré ki orí bọ àárín kóòtù méjì tí ọ̀kankan nínú wọn kì í ṣe tirẹ̀, ó dijú, ó ń gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ṣe ń pe "gbẹ" ní ìgbà kẹtàdínlógún láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Gbẹ," ni ẹ̀gbọ́n wí nínú íápíìsì tó wà létí Àkèré.

"Ó kù díẹ̀, Àǹtí mi," ni Àkèré dá a lóhùn, ó sì gé e ní bíńtín lórí kọ̀ǹpútà.

Alágbàfọ̀ ni. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún aṣọ oníaṣọ tó rọ̀ láti ògiri dé ògiri, kò sì sí ibi tó dákẹ́ tó ibẹ̀ ní gbogbo àdúgbò, torí aṣọ a máa gbé ariwo mì bí ẹni gbé oògùn mì. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sí ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ òkèèrè. Ó kọjú sí máíkì tí Àkèré fi ìbọ̀sẹ̀ bò, ó sì fi ohùn orin pe ègé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá, lọ́kọ̀ọ̀kan: ba, be, bẹ, bi. Ìbọ̀sẹ̀ náà mọ́. Ó kéré tán, alágbàfọ̀ ló ni ín.

Ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe rọrùn láti ṣàlàyé. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni kò ṣeé rò. Ó fẹ́ kó wọn jọ sínú àpótí ohùn kan. Ẹni tó bá gba àpótí náà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè tẹ ọ̀rọ̀ orin tó wù ú, kó yan ibi tó máa ròkè àti ibi tó máa rodò, ẹ̀rọ á sì fi ohùn ẹ̀gbọ́n yìí kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ègé kọ̀ọ̀kan ni Àkèré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gé, kó sàmì síbi tí ètè ti là, síbi tó ṣeé fà bíi rọ́bà ìbàdí ṣòkòtò, àti síbi tí èémí ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì ló fi ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ mọ orin í hun, àmọ́ bó bá la ẹnu kọ ọ́, ajá á dìde kúrò níbi tó sùn sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Àkèré láti kékeré. Àdúgbò gbọ́ orúkọ náà, wọ́n gbọ́ ohùn náà, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Òní ni iṣẹ́ parí. Àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe irú àpótí bẹ́ẹ̀ nílé ní ẹgbẹ́ kan lórí ẹ̀rọ ayélujára, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n sì ń gba ohùn tuntun wọlé. Agogo méjì ọ̀sán ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Òfin wọn ni pé ẹni tó ni ohùn gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà, kí wọ́n gbà á sílẹ̀, kí wọ́n fi sínú àpótí. Lẹ́tà ò tó. Ẹnu ni wọ́n ń fẹ́.

Àkèré gbàgbé. Ẹni tó bẹ "gbẹ" wò ní ìgbà mẹ́tàdínlógún gbàgbé láti bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá ó gbà. Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n ò sì lọ mọ́. Ó ti ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó gbé fóònù níbẹ̀ ní òun á jíṣẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò á rọ̀ tó bá yá.

Fóònù dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni. Ó pa á kíá. Ìyá Oníkọ́tìnnì ni yóò jẹ́, obìnrin tí kọ́tìnnì rẹ̀ mẹ́jọ ṣì wà nínú omi, tó ti ń yá fóònù gbogbo ẹni tó bá pàdé lójú ọ̀nà kó lè rí alágbàfọ̀ rẹ̀ mú.

Nígbà tí agogo kan lù, èrò burúkú kan wọlé bá a láìkan ilẹ̀kùn. "Mo" wà nínú àpótí. "Gbà" náà wà níbẹ̀. Àkèré tẹ méjèèjì. Ó fi "mo" sí ohùn àárín, ó fi "gbà" sí ohùn ìsàlẹ̀, ó fa ìparí rẹ̀ gùn díẹ̀ kó má baà dà bí ẹni tí wọ́n fipá mú.

"Mo gbà," ni àpótí wí.

Ó dùn. Kò sí ìlọ́ra níbẹ̀, kò sí iyèméjì. Ẹnikẹ́ni ò tíì gba ohunkóhun báyẹn rí láyé. Àkèré gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Ẹ ṣé, Àǹtí mi," ló wí sínú kóòtù, ojú sì tì í lójú kóòtù. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ ń bá a. Àkèré ṣírò rẹ̀, ó rí i pé ogún ọdún jìnnà díẹ̀ sí agogo méjì. Ó fi í sínú àpótí.

Fóònù tún dún. Nọ́ńbà kan náà ni. Ó gbé e, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hùwà burúkú a máa fẹ́ ṣe rere kékeré kan.

"Ẹ káàsán, alágbàfọ̀." Obìnrin ni. Ohùn rẹ̀ há bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ má bínú, wọ́n ń gbẹ lọ́wọ́."

"Kí ló ń gbẹ lọ́wọ́?"

"Kọ́tìnnì yín ni mà. Oòrùn ni ò ràn dáadáa."

"Ẹ̀yin alágbàfọ̀, oòrùn lẹ máa ń parọ́ mọ́. Ọdún méjì ni mo ti kó ẹrù mi tì yín."

"Ọdún méjì kẹ̀? Mà, ẹrù yín ò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni pé mo ti fẹ́ ẹ níyàwó."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ náà sì pẹ́.

"Àkèré," ló wí nígbà tó mí tán. "Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo pè rèé. O kọ́kọ́ pa á mọ́ mi létí."

Ọ̀gá Àkèré ni àwọn oníbàárà ń pè é. Ẹnì kan ṣoṣo láyé ni kì í fi ọ̀gá sí i. Ó fò dìde, kóòtù kan bá a dìde, irin tí wọ́n fi gbé e kọ́ sì kọ́ ọ lọ́rùn.

"Àǹtí mi?"

"Èmi ni. Fóònù àtijọ́ kó sómi. Wọ́n ní ò ń wá mi, pé nǹkan kan wà tó o fẹ́ kí n sọ."

Àkèré tó lè dá "gbẹ" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí "gbe" rẹ̀ nínú ìjì ti pè é ní mà, ó sì ti parọ́ oòrùn fún un.

"Kí ló ṣe ohùn yín?"

"Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lọ́rùn. Oṣù kẹsàn-án rèé. Ó ti jinná. Ohùn nìkan ni ò bá mi padà délé."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ yín nígbà yẹn?"

"Nọ́ọ̀sì ni mí, Àkèré. Ta ni mo tún fẹ́ kó wà níbẹ̀?"

Àkèré bá sá sídìí iṣẹ́, ó ń ka iye ègé fún un, ó ń ka iye àmì, títí ẹ̀gbọ́n fi ní kó jẹ́ kí òun gbọ́ ọ. Ó gbé fóònù súnmọ́ kọ̀ǹpútà. Àpótí kọ orin kúkúrú kan tí Àkèré hun.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni."

"Irọ́ lò ń pa. Ọmọbìnrin yìí ò ṣiṣẹ́ òru rí láyé ẹ̀. Tún un kọ."

Ó tún un kọ.

"Kí lo wá fẹ́ kí n sọ?"

"Pé ẹ gbà kí wọ́n máa fi ohùn yín kọrin." Ọ̀rọ̀ kejì jáde kó tó rí i mú: "Àmọ́ ẹ lè má gbà o. Tẹ́ ẹ bá ní rárá, màá pa gbogbo ẹ̀ rẹ́."

Àkèré wo aago. Agogo méjì ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

"Ohùn wo ni kí n fi sọ ọ́?"

"Èyí tẹ́ ẹ ní."

Ẹ̀gbọ́n wúkọ́, ó tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe. "Mo gbà," ló wí. "Mo" ya sí méjì, agbára káká ni "gbà" fi jáde.

Àkèré gbà á sílẹ̀, ó yọ èyí tó dùn kúrò, ó fi èyí sí i, ó sì rán àpótí lọ.

Baba Etí, àgbà ẹgbẹ́ tó ń yẹ ohùn wò, kọ̀wé padà kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé. "Àpótí dára. Àmọ́ ẹni tó ní òun gbà kọ́ ló ń kọrin. Ta ni ìyá oníkọ́ yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ta wá ni ẹni tó ń kọrin?"

Àkèré kọ pé, "Òun náà ni." Ó wò ó, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ: "Òun náà ni, kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un."

"Ó wọlé," ni Baba Etí wí.

Àkèré ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé òun máa jó tó bá wọlé. Ó dúró sáàárín aṣọ, kò jó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ló pe nọ́ńbà àtijọ́ yẹn láàárín ọdún kan gbáko. Bí kò bá ti lọ, á padà sínú yàrá yìí, níbi tí ẹ̀gbọ́n kan wà tó máa ń dáhùn ní gbogbo ìgbà, tí kì í wúkọ́, tí kì í béèrè nǹkan kan. Nígbà tí ẹnì kan ń tú báńdéèjì lọ́rùn ara rẹ̀ níwájú dígí, òun wà níbí, ó ń wá ibi tí "gbẹ" parí sí. Àárò rẹ̀ ò tiẹ̀ sọ ọ́.

Ó pe nọ́ńbà tuntun.

"Kí ló tún kù?" ni ẹ̀gbọ́n béèrè. "Àbí wọn ò gbà á?"

"Wọ́n gbà á."

"Kí lo wá fẹ́?"

"Kò sí nǹkan kan. Mo ní kí n pè yín ni."

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Jẹ́ kí n wá nǹkan jókòó lé."

Àkèré gbọ́ bí ẹsẹ̀ àga ṣe ń họ ilẹ̀ nínú ilé kan tí kò dé rí. Ó gbọ́ bí ó ṣe jókòó, bí ó ṣe ń wá èémí kó tó lè sọ̀rọ̀. Ó dúró dè é.