Akọ Ẹyẹ Orí Òṣíbàtà

Yàkúbù dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ etí adágún bí ọkọ ìyàwó níwájú àna. Àna rẹ̀ gan-an sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọgbà ìgbafẹ́, ó ń wo ìdí ṣòkòtò rẹ̀ tó ti ya. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ni Yàkúbù ń dọ̀bálẹ̀ fún.

"Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀, Màmá," ó ní láì yíjú, kámẹ́rà lójú rẹ̀. "Ohun tí ẹ fẹ́ rí yìí, tí ẹ bá sọ ọ́ ní Ìlọrin, wọ́n á so yín mọ́gi."

"Mọ́tò kì í ṣe sùúrù, Yàkúbù. Ẹrù ọmọ ti wà ní gáréèjì."

Ọmọ yẹn ni Asiyah. Ìgbà ọyẹ́ ni Sarat ìyá rẹ̀ kú. Òjò ti ń rọ̀ báyìí. Nílé wọn, a kì í fi ọmọ tí kò ní ìyá sílẹ̀ fún ọkùnrin nìkan. Ìyá ìyá rẹ̀ ni yóò wá gbé e, Màmá sì ti dé láti àná. Yàkúbù kò lè bá a jà. Ó kàn ní ohun kan tó fẹ́ kó rí kí wọ́n tó lọ.

Ní àdúgbò Muchia, kò sẹ́ni tí kò mọ Yàkúbù onífọ́tò. Irọ́ rẹ̀ gùn ju ojú irin Zaria lọ. Á ní òun ya fọ́tò ìyàwó kan tó sanra débi pé, nígbà tó wọlé tán, ìdajì rẹ̀ ṣì wà ní Basawa. Kò sí oníbàárà tí kì í rẹ́rìn-ín kó tó tẹ kámẹ́rà. Ó sọ tìyàwó Basawa yẹn fún Sarat náà, lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Sarat kò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ yunifásítì kan tó wá ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló sọ̀rọ̀ ẹyẹ náà fún un. Ó ní ẹyẹ pupa kan wà tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ìgbálẹ̀, tó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà. Abo á yé ẹyin tán, á bá tirẹ̀ lọ. Akọ ló ń sàba, akọ ló ń tọ́mọ. Bí ewu bá dé, á kó àwọn ọmọ sábẹ́ apá, á gbé wọn sá. Inú bí Yàkúbù pé ẹnìkan tún wà láyé tó mọ irọ́ pa ju òun lọ. Ó lọ sí adágún GRA, ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá fọ́tò yẹn: bàbá tó kó ọmọ sábẹ́ apá. Bí Màmá bá rí i, bóyá á ní, ó dáa, mú ọmọ sọ́dọ̀ rẹ.

Àwọn ọmọ ẹyẹ náà kò ju òwú lọ, òwú tó hu ẹsẹ̀. Wọ́n ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún káàkiri orí ewé.

"Baba, kalle ni!"

Asiyah ni, létí omi tó yí wá sápá ọ̀tún. Èdè Hausa ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu jù. Ó ní kí bàbá òun wo òun.

"Mo ń wò ọ́, Àbẹ̀kẹ́ mi."

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, wọ́n ní. Ojú kan ni Yàkúbù là. Èkejì dì pinpin, èyí tó là sì wà nínú kámẹ́rà.

Àwòdì kan yí gbirigbiri lókè. Akọ ẹyẹ ké, ó lóṣòó, ó na apá. Àwọn ọmọ sáré wọlé sábẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dìde tòun tiwọn, ẹsẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ń rọ̀ dirodiro lábẹ́ apá rẹ̀ bíi pé ó di ẹyẹ ológún ẹsẹ̀. Ìka Yàkúbù kò sinmi.

"Baba! Kalle ni!"

"Mo rí ọ! Màmá! Ẹ wò ó! Ẹ wo bàbá ọmọ!"

Omi ló gbọ́ tó dún jàbú.

Nígbà tó máa fi yíjú, bẹ́ǹṣì ti ṣófo. Màmá wà nínú adágún dé àyà. Màmá yìí, tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló gbé e sọ̀ nínú mọ́tò lánàá! Ìró rẹ̀ léfòó sílẹ̀ yíká. Ó ti fi apá kan gbé Asiyah sókè, omi ń ṣàn lẹ́nu ọmọ.

Ọmọ wúkọ́, ó sunkún. Màmá fi ìborùn tó wà lórí bẹ́ǹṣì wé e. Yàkúbù ń retí èébú. Ì bá dára kó bú òun dé orí baba ńlá òun, kó bú kámẹ́rà, kó bú ẹyẹ. Ìyá arúgbó náà kò bú ẹnì kankan.

"Kí ló ń tẹnu mọ́ látàárọ̀?" ó bi í. "Kalle ni, kalle ni. Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ó ní ẹyẹ yẹn dára, Màmá."

Gbogbo irọ́ ayé rẹ̀, ẹ̀rín wà nínú wọn. Kò sí nínú èyí.

Ó ti to ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ láti òwúrọ̀: bó ṣe ń se tùwó, bó ṣe ń dirun ọmọ. Ó mú bàtà Asiyah nílẹ̀, ó da omi inú rẹ̀ nù. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ó ní. "Mọ́tò á ti fẹ́ kún."

Ní gáréèjì, ọmọ di etí bàbá rẹ̀ mú láti ojú fèrèsé. "Baba, kai ma ka shigo."

"Èmi náà kí n wọlé? Tí mo bá wọ ibẹ̀, gbogbo táyà á bẹ́, a ó máa yí gbirigbiri dé Ìlọrin."

Asiyah rẹ́rìn-ín. Mọ́tò ṣí.

Yàkúbù jókòó sórí òkúta kan, ó tan kámẹ́rà. Ó rí akọ ẹyẹ náà, ó dúró gbọn-in pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọmọ lábẹ́ apá. Kò tíì ya fọ́tò tó dára tó èyí rí. Lẹ́yìn náà ló rí nǹkan yẹ́lò kan ní igun àwòrán, bàìbàì. Asiyah ni, nínú aṣọ rẹ̀, ó lóṣòó létí omi, ó na apá méjèèjì. Nínú èyí tó tẹ̀lé e, apá ṣì wà ní nínà, ó ti sún mọ́ omi. Nínú èyí tó tún tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà nínú omi.

Ó wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ọmọ náà ti ń wo ẹyẹ.