Kò Sí Fọ́ọ̀mù fún Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Yá

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Ìṣirò ti fi ṣe akọ̀wé, kò sì ṣi ìṣirò kankan rí tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló sì máa ń fi kún un pé, ó ku ká bi àwọn tí kò mọ̀. Oṣù márùn-ún péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ gbé iṣẹ́ ìkẹyìn yìí lé e lọ́wọ́, ó rò pé ìròyìn kékeré kan ni, èyí téèyàn lè máa fi ọwọ́ ọ̀tún kọ kó máa fi tòsì mu tíì.

Iṣẹ́ ọ̀hún rèé. Àwọn èèyàn kan wà nílùú tí ìyà ńlá ti gbé ṣánlẹ̀, tí kékeré wá ń gorí wọn: kò sílé, kò síṣẹ́, ọtí ti sọ wọ́n di ẹrú, ọlọ́pàá mọ̀ wọ́n, dókítà mọ̀ wọ́n. Ibi mẹ́rin ni wọ́n ti ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀: ẹ̀ka pàjáwìrì nílé ìwòsàn, kóòtù, ilé ìsùn àwọn aláìnílé, àti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀mùtí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, àmọ́ níbí yìí, kì í ṣe ejò ló jẹ ìyà ọ̀hún, àwọn èèyàn yìí ni. Wọ́n wá ní kí Bàbá Ìṣirò kó ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú kan, kó sọ ohun tó ń ṣe wọ́n gan-an. Wọn ò fún un lórúkọ o. Nọ́ńbà ni wọ́n fi rọ́pò orúkọ, orúkọ wà nínú àpótí irin lọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣí i, ẹni tó ni orúkọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ọ̀gá yìí, ọmọbìnrin ni, àkọ́bí Bàbá Ìṣirò jù ú lọ. Ó ń pe bàbá ní ẹ̀yin nítorí ọjọ́ orí, bàbá ń pè é ní ẹ̀yin nítorí ipò, tí wọ́n bá wá ń jiyàn, ńṣe ló máa ń dà bí ìgbà tí àna méjì bá ń fi oúnjẹ lọ ara wọn.

Bàbá Ìṣirò ò fi bẹ́ẹ̀ gba kọ̀ǹpútà gbọ́. Ó ní ohun tí ojú òun ò lè rí látòkèdélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òun ò mọ̀ ọ́n. Ó lẹ bébà gígùn mọ́ ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, bébà kan fún ẹnì kan, ó wá mú bíárò oríṣi mẹ́rin: pupa fún ilé ìwòsàn, búlúù fún kóòtù, dúdú fún ilé ìsùn, àwọ̀ ewé fún ilé ọ̀mùtí. Ó fà á láti ọdún dé ọdún.

Nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gọ́ta ló kọ́kọ́ gbà á lọ́kàn. Obìnrin ni. Apá ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún méjì, apá kan náà. Kóòtù dá a lẹ́bi pé ó jí mílíìkì agolo méjì ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́wọ̀n. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú apá náà kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé, "Aláìgbọràn. A fún un lọ́jọ́ mọ́kànlá, kò wá." Bàbá Ìṣirò wo pupa, ó wo búlúù, ó tún wò ó. Nínú ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, mẹ́sàn-án bọ́ sí ọjọ́ tí kóòtù ní kó wá fọwọ́ síwèé lódìkejì ìlú, tí kò bá sì lọ, ẹ̀wọ̀n ni. Ilé ìwòsàn ò purọ́, kóòtù náà ò purọ́. Ó sáré pe ọ̀gá rẹ̀ wá wò ó.

"Wọ́n ní aláìgbọràn ni," ni Bàbá Ìṣirò wí. "Ẹsẹ̀ méjì péré mà lobìnrin yìí ní!"

Látọjọ́ náà ló ti ń sọ̀rọ̀ obìnrin náà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹbí. Ìyàwó rẹ̀ nílé ti mọ̀ ọ́n ní Mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó tiẹ̀ ń bèèrè rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá le sí nìyí. Ilé kan wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, yàrá mẹ́wàá ló ní, obìnrin àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ilé ló ń bójú tó o. Àwọn tí gbogbo ibòmíì ti sú ló ń gbà. Tí ẹnì kan bá ní kóòtù, á bá a lọ. Tó bá ní dókítà, á jókòó tì í. Ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ mọ̀ lọ́jọ́ Ajé bóyá kí wọ́n jẹ́ kí ilé náà máa bá a lọ tàbí kí wọ́n tì í. Bàbá Ìṣirò wá wo bébà àwọn mẹ́tàlélógún tó ti gbébẹ̀ rí. Mẹ́rin nínú wọn ṣì ń jáde nínú ìwé. Àwọn mọ́kàndínlógún tó kù, pátápátá, wọ́n wọ ilé náà, wọ́n lo oṣù mélòó kan, lẹ́yìn ìyẹn, bébà funfun. Kò sí pupa, kò sí búlúù, kò sí nǹkan kan. Mọ́kànlélọ́gọ́ta wà lára wọn. Ọdún mẹ́rin gbáko, wọn ò gbúròó rẹ̀. Nínú ìwé ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àmì kan náà ni wọ́n sì fi ń kọ òkú àti ẹni tí wọn ò rí mọ́.

Ẹ má tíì bínú sí i. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, ti rin ọ̀nà yìí rí. Nígbà tó ń mutí kiri, kò sọ́sẹ̀ tí ọlọ́pàá tàbí nọ́ọ̀sì kan ò ní pè wọ́n nítorí rẹ̀. Nígbà tó yá, ìpè dáwọ́ dúró. Inú ìyá wọn dùn, ó ń dúpẹ́ pé ọmọ òun ti fìdí kalẹ̀ níbì kan. Ó tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó gbọ́ pé wọ́n ti sin ín ní itẹ́ òkú àwọn tí ò lẹ́nìkan. Látìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni ìdákẹ́jẹ́ ń jẹ́ létí Bàbá Ìṣirò. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fa àgbélébùú kékeré sí ìparí bébà mọ́kàndínlógún. Ó kọ ìròyìn rẹ̀ pé ilé náà ò gba ẹnikẹ́ni là, pé àwọn tó wọ ibẹ̀ ò gbẹ̀yìn dáadáa. Ọ̀gá kà á, ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa tì í nìyẹn. Bàbá Ìṣirò délé, kò lè jẹun. Ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè Mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó ní kó má bèèrè rẹ̀ mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó tètè dé ọ́fíìsì. Màmá Dáadáa, obìnrin tó ń nu ilẹ̀ níbẹ̀, ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá kí obìnrin yìí nígbàkigbà, "Dáadáa ni" ló máa dá yín lóhùn. Lọ́jọ́ tí báàkẹ́ẹ̀tì omi gbígbóná dà sí i lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń sáré bi í pé ṣé kò sí nǹkan, "Dáadáa ni" náà ló sọ, ó ń tiro lọ. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń gbọ́ tí bàbá ń mí kanlẹ̀, ó wá bi í lọ́jọ́ náà pé kí ló ṣe é. Bàbá Ìṣirò ò fẹ́ sọ. Àmọ́ kò sórúkọ lára bébà, ọkàn rẹ̀ sì ti kún, ló bá nawọ́ sí ògiri, ó ní obìnrin kan ló kú, òun ò mọ̀ ọ́n rí, ó sì ń dun òun bí ẹni pé ọmọ ìyá òun ni.

Màmá Dáadáa gbé ìnulẹ̀ tì. Kò yá nídìí ìwé kíkà, ló bá fi ìka tẹ̀ lé ìlà náà díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó kọjá apá àkọ́kọ́. Ó kọjá apá kejì. Nígbà tó dé ibi mílíìkì, ìka rẹ̀ dúró.

"Mẹ́ta ni," ló wí. "Kì í ṣe agolo méjì. Ọlọ́pàá ò rí ẹ̀kẹta ni, ọmọ mi ti mu ún."

Bàbá Ìṣirò ń wò ó, kò tíì yé e. Obìnrin náà ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Apá ọ̀tún náà wọ́ díẹ̀ lókè ọrùn ọwọ́, bí ẹ̀ka igi tó ti ṣẹ́ rí.

"Bàbá, ẹ má tíì sin mí o. Mi ò tíì kú."

Ọ̀ràn burúkú tòun tẹ̀rín. Bàbá Ìṣirò fẹ́ jókòó, kò wo ẹ̀yìn, ilẹ̀ tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ló jókòó sí. Kò dìde. Láti ibi tó jókòó sí náà ló ti bi í pé níbo ló wà látọdún mẹ́rin. Obìnrin náà ní òun wà nílé òun ni, ibo lòun ìbá tún wà? Ó ní Ìyá Ilé bá òun lọ sí kóòtù títí ẹjọ́ fi parí, ó bá òun lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀mùtí títí òun fi jáwọ́ nínú ọtí, ó bá òun gba ọmọ òun padà. Òun rí iṣẹ́, òun gba yàrá. Ọmọ òun obìnrin ti ga ju òun lọ.

Bàbá Ìṣirò ń tẹnu mọ́ ọn pé, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé. Obìnrin náà wá bi í léèrè, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Èwo nínú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni wọ́n kọ yín sí? Kò mà sí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fún ẹni tí ara rẹ̀ yá."

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Bàbá Ìṣirò, kò sí nínú ẹyọ kan ṣoṣo lára ìwé náà, kò sì kú.

Ọ̀gá dé. Màmá Dáadáa fọwọ́ síwèé, wọ́n ṣí àpótí irin, orúkọ rẹ̀ ló wà níwájú mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù. Àmọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ni, ó ní inú òun dùn o, ṣùgbọ́n ẹnì kan ò ju ẹnì kan lọ. Ó ku méjìdínlógún. Bàbá Ìṣirò fara mọ́ ọn. Ẹ̀rù tún bà á.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá Ìyá Ilé. Wọ́n bá a nídìí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi òróró sí ihò kọ́kọ́rọ́. Ìlànà kan wà nílé yẹn tí ìgbìmọ̀ ò mọ̀: ẹni tó bá kó jáde kì í dá kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà padà. Ó máa ń mú un lọ ni, Ìyá Ilé ò sì pààrọ̀ àgádágodo yẹn rí. Oṣooṣù ni àwọn tó ti kó jáde ń yà tàbí kí wọ́n pè, ó ní ìwé eléwé ogójì kan tó ti dọ̀tí, tó fi ń sàmì sí ẹni tí òun bá ti gbúròó. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò fi fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. Ó ní kò sẹ́ni tó bèèrè. Ó ní ìwé tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ òun, iye ẹni tó jà, iye ẹni tó sá, iye ẹni tó ṣàìsàn ni.

Ó mú fóònù rẹ̀, ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó kà wọ́n. Àkọ́kọ́ ní òun wà lórí àkàbà, òun ń kun ilé, ẹ kà mí kẹ́ ẹ jẹ́ n ṣiṣẹ́. Ẹnì kejì rò pé ilé ti jóná ni, ó ti ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Ìṣirò ń sàmì, nígbà tó fi kan ẹnì keje, kò rí ojú bébà mọ́, omijé ti bo ojú rẹ̀. Kò fi pamọ́. Ọ̀gá fa bíárò lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a sàmì sí ìyókù.

Pẹ̀lú Màmá Dáadáa, wọ́n jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Méjì ti kú lóòótọ́, Ìyá Ilé fúnra rẹ̀ ló sin wọ́n. Méjì, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n wà. Bàbá Ìṣirò kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kò bu iyọ̀ sí i. Ó wá fi òpó tuntun kan kún tábìlì ìṣirò rẹ̀, ó kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé: Ó wà láàyè, kò nílò wa mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ìgbìmọ̀ gbọ́ ìròyìn náà, wọ́n ní kí ilé náà máa bá a lọ. Wọ́n tún ní kí kóòtù àti ilé ìwòsàn máa fi ìwé ọjọ́ wéra kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́. Ọ̀kan lára wọn wá bi Bàbá Ìṣirò pé báwo ni àgbà ọ̀jẹ̀ akọ̀wé bíi tirẹ̀ ṣe máa ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ gbà á sọ, bàbá dá a dúró.

"Mo ti pàdánù ẹnì kan bẹ́ẹ̀ rí," ló wí. "Mo wá rò pé gbogbo ìdákẹ́jẹ́ ló jọra."



Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lẹ bébà tuntun bo gbogbo àgbélébùú tó yẹ ní bíbò. Nígbà tí Màmá Dáadáa gbé báàkẹ́ẹ̀tì wọlé, Bàbá Ìṣirò kí i, ó bi í bí ara ṣe rí. Ọdún mẹ́ta ló ti ń bi í, kò dúró gbọ́ èsì rí.

"Dáadáa ni, Bàbá."

Ó kọ déètì, ó kọ ọ́ sí iwájú mọ́kànlélọ́gọ́ta bí obìnrin náà ṣe sọ ọ́. Màmá Dáadáa sún mọ́ ọn, ó kà á, orí rẹ̀ wú. Ó wá padà sí ìsàlẹ̀ ìlà náà lọ́hùn-ún, ó fi ìka tọ́ ibi mílíìkì. Bàbá Ìṣirò pa méjì rẹ́, ó kọ mẹ́ta.