Ẹ̀kọ́ Tí Bàbá Kò Tíì Ṣe Àmín Sí

Àṣà kan wà láàárín àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń ṣòwò ní ọjà Adjamé, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Bí ọmọ wọn bá fẹ́ wọ yunifásítì, wọn a din mósà, wọn a tẹ́ ẹní, wọn a sì pe àlùfáà kí ó wá ṣàdúà. Ṣùgbọ́n àlùfáà gbọ́dọ̀ dárúkọ ohun tí wọ́n ń tọrọ, kí àwọn òbí tó lè ṣe àmín sí i. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Hàbíbà ti fẹ́ dojú rú lọ́dún 2001, nínú ilé bàbá rẹ̀ ní àdúgbò Koumassi.

Hàbíbà ti yege nínú bákì, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, ìṣirò sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn bí ẹni ń mumi. Ọ̀la ni yóò lọ forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì Cocody, ó sì ti mọ ẹ̀ka tí ó fẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti dáyé, kò tíì dáwọ́ lé ohun ńlá kan tí bàbá rẹ̀ kò kọ́kọ́ ṣe àmín sí, kò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí.

"Kí ni ìwọ fẹ́ lọ kọ́, ọmọ mi?" ni àlùfáà bi í lẹ́yìn ìrun Àlàásárì.

Hàbíbà kúnlẹ̀. "Finance quantitative, Bàbá."

Àlùfáà rọra sọ ọwọ́ àdúà kalẹ̀. "Ọlọ́run gbọ́ gbogbo èdè. Èmi tí n ó dárúkọ rẹ̀ ni n kò gbọ́."

"Èmi gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀," ni Àlàájì Ṣéhù, bàbá ọmọ, wí. "Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn báńkì ni, àwọn tí ń jẹ èlé. Ẹ má bínú, n kò lè jókòó sórí ẹní kí n máa ṣe àmín sí èlé. Ṣé wọn kò kọ́ni ní ìṣègùn mọ́ ní Cocody ni?"

"Bàbá Hàbíbà, ọmọ tí ń sá fún ẹ̀jẹ̀ adìyẹ!" ni Ràmílátù, ìyá rẹ̀, ké láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ẹ jẹ́ kí ó ṣàlàyé kí mósà tó tutù."

Gbogbo ojú yí sí Hàbíbà. Faransé ni ó fi kàwé; Yorùbá a máa wọ etí rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í yá a lẹ́nu. "Ẹ̀kọ́ náà... le risque, ewu... bí èèyàn ṣe ń..." Ó tẹjú mọ́ ẹní.

Ní òde, obìnrin kan ń kiri alákàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó nínú ọ̀sà. Hàbíbà gbọ́ ọ, ó sì gbójú sókè.

"Bàbá, bí ẹ bá ra ẹrù abọ́ ní Lomé, kí ló dé tí ẹ kì í kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ kan?"

"Kí ọkọ̀ náà dànù kí èmi náà dànù? Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí!"

"Ọkọ̀ méjì sì wọ́n ju ọ̀kan lọ. Báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé ewu náà tó ohun tí ẹ ná?"

Àlàájì rẹ́rìn-ín músẹ́. "N kò mọ̀. Ẹ̀rù ni ó ń sọ fún mi."

"Ohun tí ẹ̀rù ń sọ fún yín ni mo fẹ́ fi ìṣirò mọ̀. Àwọn tí ń san owó kòkó sílẹ̀ kí ó tó so, ẹni tí yóò bá wọn wọn ewu ni wọ́n ń wá. Bàbá, ojú alákàn ni mo fẹ́ lọ kọ́."

Àlàájì ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀. "Bí wọ́n bá ní kí o wá ṣírò èlé ńkọ́?"

"N ó kọ́kọ́ bi yín, ẹ̀yin yóò sì bi àlùfáà."

"Àlùfáà yóò wá bi ta ni?"

"N ó bi Hàbíbà!" ni àlùfáà dáhùn. "Nígbà náà, yóò ti kàwé jù mí lọ."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Àlàájì ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wọn ewu gbọ́dọ̀ mọ bí abọ́ ṣe ń fọ́. Ní gbogbo Sátidé, Adjamé ni o ó ti máa bá mi já ẹrù."

"Mo gbà, Bàbá," ni Hàbíbà wí kíákíá, inú rẹ̀ ń dùn.

Àlùfáà tún tẹ́ ọwọ́. "Ọlọ́run tí ó fún alákàn lójú, fún Hàbíbà ní ojú tí yóò fi rí ewu kí ó tó—"

"Àmín!" ni Àlàájì Ṣéhù wí, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó parí rẹ̀.

Mósà ti tutù. Wọ́n jẹ ẹ́ tán pátápátá.